Iṣan Ọpọlọ Tí A Bí Mọ́ni Kì Í Ṣe Iṣan Tó Ya

Ní ọdún 2015, àwọn dókítà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ọsirélíà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CADISS. Aláìsàn 250 ni wọ́n gbà wọlé. Ohun tí wọ́n ti sọ fún olúkúlùkù wọn ni pé ògiri ọ̀kan nínú àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ gba ọrùn lọ sí ọpọlọ ti ya. Oògùn tó dára jù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí náà ń wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ kíka àwòrán jókòó tún àwòrán gbogbo wọn wò, wọn kò rí ẹ̀rí pé iṣan ya lára ẹni 52. Bí a bá ka márùn-ún nínú àwọn 250 náà, nǹkan bí ọ̀kan ló ń gba ìtọ́jú àìsàn tí àwòrán rẹ̀ kò jẹ́rìí sí.

Kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ló ń fa irú àṣìṣe yìí. Ọ̀rá tó dì mọ́ ògiri iṣan lè tan ojú jẹ, ẹ̀rọ pàápàá a sì máa tan ni. Èyí tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí ni ọ̀wọ́ kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí: àwọn iṣan ọpọlọ tó gba ọ̀nà tiwọn láti inú oyún wá, tí ẹni tó ni wọ́n ń gbé kiri láìmọ̀, tí wọn kò sì ni ín lára, títí di ọjọ́ tí orí fọ́ ọ tí wọ́n ní kó lọ ya àwòrán. Ọjọ́ náà ni ohun tí a bí mọ́ ọn á di àrùn lórí ìwé. Iṣan tí ìrísí rẹ̀ ṣàjèjì kò tíì di iṣan tó ń ṣàìsàn. Kí a tó pè é ní iṣan tó ya, ó ní àwọn ẹlẹ́rìí tó yẹ kí a gbọ́ tẹnu wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé orí. Ọpọlọ kò ju nǹkan bí 2 nínú 100 ìwọ̀n ara lọ, síbẹ̀ òun nìkan ló ń lo nǹkan bí 20 nínú 100 ọ́síjìn tí ara ń lò. Iṣan ńlá mẹ́rin ló ń bọ́ ọ. Méjì wà níwájú ọrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gògóńgò, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Àwọn ni carotid, àwọn náà ni ìka wa ń bá pàdé bí a bá fọwọ́ kan ọrùn tí a gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù. Méjì yòókù, tí wọ́n ń pè ní vertebral, gba ẹ̀yìn. Inú ihò kéékèèké tó wà lára eegun ọrùn ni wọ́n ń gbà gòkè, láti orí eegun kan bọ́ sí òmíràn, títí wọ́n fi wọ inú agbárí. Bí àwọn méjèèjì bá dé ìsàlẹ̀ ọpọlọ, wọ́n á pa pọ̀ di iṣan kan ṣoṣo tó ń jẹ́ basilar.

Ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ níbẹ̀, àwọn iṣan iwájú àti ti ẹ̀yìn na ọwọ́ síra wọn, wọ́n sì di òrùka. Thomas Willis, oníṣègùn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣàpèjúwe òrùka yìí yékéyéké nínú ìwé rẹ̀, Cerebri Anatome, ní ọdún 1664. Christopher Wren, ẹni tó padà wá ṣe àgbékalẹ̀ ilé ìjọsìn Saint Paul ní Lọ́ńdọ̀nù, wà lára àwọn tó ya àwòrán inú ìwé náà. Orúkọ Willis ni òrùka yìí ń jẹ́ títí dòní. Òrùka tó pé pérépéré bí èyí tí ìwé ẹ̀kọ́ ń fi han akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tó ní in kò tó ìdajì ènìyàn. Lára àwọn yòókù, apá kan tín-ín-rín, tàbí kò sí rárá, tàbí ibòmíràn ló ti yọ. Ọmọ ìka kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni iṣan orí. Ẹni tí iṣan rẹ̀ kò rí bí ti inú ìwé ló pọ̀ jù láwùjọ, kì í ṣe abàmì.

Ògiri iṣan ńkọ́? Ìpele mẹ́ta ló ní. Ti inú pátápátá tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń dán. Ti àárín ni ẹran tó ń súnkì tó sì ń dẹ̀. Ti ìta ló gbá gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Nígbà mìíràn ìpele inú á ya, ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré á sì bá ojú ibẹ̀ wọ àárín ògiri. Ẹni tó bá ti kọwọ́ bọ àpò kóòtù tó ya rí mọ ohun tí mò ń sọ: ọwọ́ tó yẹ kó dúró sínú àpò á bọ́ sáàárín kóòtù àti aṣọ tí wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀, bó sì ti ń lọ ni yóò máa fa méjèèjì yà. Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní dissection nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ tó há sáàárín ògiri lè fún ọ̀nà pọ̀, ó sì lè dí i pátápátá. Ẹ̀jẹ̀ tó dì lójú ọgbẹ́ náà lè já, kó lọ há sínú ọpọlọ, kó sì di àrùn rọpárọsẹ̀. Bó bá jẹ́ iṣan inú agbárí ló ya, ògiri ìta lè bẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ sì dà yí ọpọlọ ká.

Àìsàn yìí kì í ṣe ti arúgbó nìkan. Ó wà lára àwọn ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀ jù lọ fún àwọn tí kò tíì pé ọmọ 50 ọdún. Ìjàm̀bá ọkọ̀ tàbí ti ọ̀kadà lè fà á. Fífi agbára yí ọrùn lè fà á. Ó sì ń dé bá ẹlòmíràn tí kò rántí pé ohunkóhun ṣe òun lọ́rùn. Ìdí nìyí tí dókítà tó bá ní ẹ̀rí ọkàn fi máa ń wá a kiri lójú àwòrán, tí kò sì fẹ́ kó bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ìfọkànsìn yẹn dára. Ibi tí ó ti ń di àṣìṣe ni ibi tí àwòrán bá ti ń dá nìkan sọ̀rọ̀.

Ohun tó sì ń jẹ́ kí àwòrán lè ṣi ni lọ́nà rọrùn láti lóye. Ní ọdún 1927, Egas Moniz, oníṣègùn ní ìlú Lisbon ní Pọ́túgàl, fi abẹ́rẹ́ fún oògùn tí X-ray lè rí sínú iṣan ọrùn, ó sì rí iṣan ọpọlọ ẹni tó wà láàyè lójú fíìmù. Ní ọdún 1971, ẹ̀rọ CT tí Godfrey Hounsfield ṣe ya ọpọlọ aláìsàn fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Lónìí CT àti MRI ti lè fi gbogbo iṣan orí hàn láìsí pé a ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú iṣan. Ṣùgbọ́n láti ìgbà Moniz títí di ìsinsìnyí, ohun tí ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn àwòrán yìí ń fi hàn ni ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn, ìyẹn ọ̀nà tó wà láàárín iṣan. Ògiri tó yí ọ̀nà náà ká kì í sábà hàn. Ìrísí ọ̀nà ni dókítà ń wò tó fi ń mọ ohun tó ṣe ògiri.

Àmì tí wọ́n ń wá kò pọ̀. Èkíní, ọ̀nà tó fẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó dédé tín-ín-rín bí òwú. Èkejì, ọ̀nà tó ń kéré díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ní ẹnu ṣóńṣó tó sì parí síbẹ̀. Ẹ̀kẹta, ọ̀nà méjì láàárín iṣan kan, tí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ pín níyà. Ẹ̀kẹrin, ibi tó wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó fún. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí iṣan tí a bí mọ́ni kò lè fara wé.

Ẹ wo ti ọ̀nà méjì ná. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkarùn-ún tí oyún dúró, basilar kò tíì di ọ̀kan. Iṣan wẹ́wẹ́ méjì tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni, àwọn méjèèjì yìí ló sì ń fara mọ́ra títí wọ́n fi di ẹyọ kan. Bí ibì kan bá wà tí wọn kò ti fara mọ́ra tán, iṣan náà á lọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan, á pín sí méjì níbẹ̀, á sì tún pa pọ̀. Fenestration ni ìwé àbájáde máa ń pè é. Àyẹ̀wò òkú ti fi hàn pé nǹkan bí 5 nínú 100 ènìyàn ló ní i lára basilar. Ó ń ṣẹlẹ̀ lára vertebral náà àti lára àwọn iṣan iwájú. Dókítà tó bá rí ọ̀nà méjì pẹ̀lú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín lè tètè rò pé awọ inú ló ya tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀.

Bí a bá fara balẹ̀ wò ó, ìyàtọ̀ wà. Fenestration kì í sábà gùn. Ó ní ibi tó fẹ́ràn láti wà, pàápàá ìsàlẹ̀ basilar, níbi tí àwọn vertebral ti ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé. Ọ̀nà rẹ̀ méjèèjì dán létí, ẹ̀jẹ̀ ń gba méjèèjì kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ògiri tirẹ̀. Ti iṣan tó ya kò rí bẹ́ẹ̀: etí rẹ̀ a máa rí jágajàga, ọ̀kan nínú ọ̀nà méjèèjì sì sábà máa ń há, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ máa lọ́ra nínú rẹ̀. Kí n má bàa tan ẹnikẹ́ni, fenestration náà fẹ́ àfiyèsí díẹ̀, nítorí pé iṣan lè wú lójú ibi tó ti pín. Dókítà yóò wo ibẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n wíwò yàtọ̀ sí pípè é ní ọgbẹ́.

Èyí tó wọ́pọ̀ ju ìyẹn lọ ni vertebral tó kéré. Àwọn vertebral wa kì í sábà tóbi bákan náà. Lára bí ìdajì ènìyàn, ti òsì ló tóbi jù. Lára àwọn kan, ọ̀kan nínú méjèèjì kéré gan-an, ìyẹn hypoplasia, tàbí kó má tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ basilar rárá. Ó kàn bọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ọpọlọ, ó sì parí iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀. Lójú fíìmù, iṣan tín-ín-rín tó ń kéré lọ tó sì pòórá ni a ó rí, èyí sì jọ àmì èkíní àti èkejì tí mo kà sílẹ̀. Bí ẹni náà bá tún sọ pé òòyì ń kọ́ òun tàbí ọrùn ń dun òun, ọkàn dókítà á yára lọ síbi yíya.

Ẹlẹ́rìí tó lè dá ẹjọ́ yìí ni eegun. Mo ti sọ pé inú ihò eegun ọrùn ni vertebral ń gbà kọjá. Iṣan tó kéré láti ìgbà ọlẹ̀ kò nílò ihò ńlá, nítorí náà ihò ẹ̀gbẹ́ tó wà sábà máa ń kéré ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Iṣan tó tóbi tẹ́lẹ̀ kó tó ya ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò lè sọ ihò eegun di kékeré. CT tí wọ́n fi ya iṣan ti ya eegun náà pọ̀. Ohun tó kù ni kí dókítà yí ojú rẹ̀ kúrò lára ẹ̀jẹ̀, kó wo eegun.

Ọ̀rọ̀ eegun yìí tilẹ̀ tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ bó bá kan carotid. Kí carotid tó wọ inú agbárí, ó gbọ́dọ̀ gba inú ihò kan kọjá nínú eegun tó wà lẹ́bàá etí. Iṣan ló máa ń kọ́kọ́ wà, kí eegun tó dì yí i ká. Bí carotid kò bá dá sára ọmọ inú oyún, ihò náà kò ní sí. Bó bá dá ní kékeré, ihò náà á kéré. Láti ọdún 1787 ni wọ́n ti rí òkú ẹni tí kò ní carotid ẹ̀gbẹ́ kan. Kò wọ́pọ̀ rárá, kò tó ẹnì kan nínú 10,000. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá wáyé, àwòrán rẹ̀ á jọ ti iṣan tó ya tó sì dí: okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gòkè láti ọrùn, tàbí kí iṣan má tilẹ̀ sí níbẹ̀. Ẹni tó bá wo ihò eegun ti ọ̀tún àti ti òsì pọ̀ yóò mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ yẹn kò fìgbà kan tóbi rí. Yóò sì rí i pé àwọn iṣan tó kù ti gba iṣẹ́ náà ṣe, wọ́n ti tóbi sí i, ọpọlọ sì ń jẹun.

Nígbà mìíràn, iṣan tó kéré kò ṣẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ló kéré. Nínú oyún, carotid ló kọ́kọ́ ń bọ́ ẹ̀yìn ọpọlọ kí basilar tó gbà á ṣe. Lára nǹkan bí 10 sí 30 nínú 100 ènìyàn, ètò ti inú oyún yìí ni ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí méjèèjì, ń lò títí dọjọ́ alẹ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ̀jẹ̀ tí basilar ní láti gbé kò pọ̀ mọ́, nítorí náà òun àti àwọn vertebral méjèèjì á kéré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bákan náà, iṣan kan wà tó ń so carotid mọ́ basilar fún ọjọ́ díẹ̀ nínú oyún, tó sì yẹ kó gbẹ. Lára ẹni 1 sí 6 nínú 1,000, kò gbẹ. Persistent trigeminal artery ni orúkọ tó ń jẹ́ lórí ìwé. Ìdajì basilar tó wà nísàlẹ̀ ibi tó wọlé sí á tín-ín-rín, ìdajì ti òkè á sì tóbi. Ẹni tí kò bá rí iṣan àfikún náà á sọ pé basilar fún, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó fún un. Ohun tó yẹ kí a béèrè ni pé ibo ni ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ẹ̀yìn ọpọlọ ẹni yìí ti ń wá. Bí ìdáhùn ìbéèrè yìí bá ti pé, ìfura á rọlẹ̀.

Ti àmì kẹrin, ibi tó wú, ló ń dẹ́rù bani jù. Àwọn kan wà tí iṣan kan nínú orí wọn fẹ̀, tó lọ́ mọ́ra, tó ká bí ẹni pé wọ́n we okùn jọ, láìsí pé ó so mọ́ iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn. Pure arterial malformation ni àwọn dókítà ń pè é. Ara ọ̀dọ́ ni wọ́n ti sábà ń rí i, nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán nítorí nǹkan mìíràn. Ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ẹni tó bá rí i ni iṣan tó ya tó sì wú, tó fẹ́ bẹ́, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ á sì bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ti ń fojú tọ́ fún ọdún púpọ̀, iṣan náà kò yí padà, kò sì bẹ́. Fún ẹni bẹ́ẹ̀, sùúrù àti àwòrán látìgbàdégbà sàn ju ọ̀bẹ lọ.

Mo ti sọ pé ẹ̀rọ náà máa ń tan ni. Aláìsàn tó gbé itọ́ mì lásìkò tí ẹ̀rọ ń yà á lè mú kí etí carotid hàn ní ìlọ́po méjì. Eyín tí wọ́n fi irin dí máa ń ta ìtànṣán sórí ọrùn. Àwọn iṣan wẹ́wẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà, tó yí vertebral ká, lè tàn lójú MRI bí ẹ̀jẹ̀ tó há sínú ògiri. Bí irú ẹ̀tàn yìí bá wá bọ́ sórí iṣan tó kéré láti ilé ọlẹ̀ wá, àṣìṣe ti di ìlọ́po méjì.

Báwo wá ni a ṣe ń mọ òtítọ́? Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni dókítà tó gbọ́ ti àwòrán kan ṣoṣo tó sì dájọ́. Ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ ni aláìsàn fúnra rẹ̀. Iṣan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya sábà máa ń sọ̀rọ̀: ọrùn tàbí orí á dédé máa dun ẹni náà ní ẹ̀gbẹ́ kan, lọ́nà tí kò rí irú rẹ̀ rí. Bó bá jẹ́ carotid, ìpẹ́npéjú ẹ̀gbẹ́ náà lè wálẹ̀, kí ọmọlójú rẹ̀ sì kéré ju ìkejì lọ, tàbí kó máa gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù nínú etí. Ẹlẹ́rìí kejì ni eegun, tí mo ti sọ tirẹ̀.

Ẹlẹ́rìí kẹta ni ìta iṣan. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá há sínú ògiri, ọ̀nà inú á fún ṣùgbọ́n ara iṣan lápapọ̀ á wú. Iṣan tó kéré láti inú oyún kéré nínú, ó kéré lóde. Ní ilẹ̀ Japan, níbi tí yíya vertebral inú agbárí ti wọ́pọ̀, àwọn dókítà ti ṣètò irú MRI kan tó ń fi ìta vertebral àti basilar hàn kedere nítorí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ẹlẹ́rìí kẹrin ni ògiri fúnra rẹ̀. MRI tí wọ́n ti pa ìmọ́lẹ̀ ọ̀rá rẹ̀ máa ń fi ẹ̀jẹ̀ tó há sínú ògiri hàn bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, funfun báláú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó dúdú. Ó lè má tíì hàn ní ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí náà bí wọn kò bá rí i lọ́jọ́ kejì, kò túmọ̀ sí pé kò sí.

Ẹlẹ́rìí karùn-ún ni àsìkò. Ọgbẹ́ máa ń yí padà. Ọ̀pọ̀ iṣan tó ya máa ń san láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà: ọ̀nà á tún ṣí, tàbí kó dí pátápátá, tàbí kó wú sí i. Ohun tí a bí mọ́ni kì í yí padà bẹ́ẹ̀. Bí àwòrán oṣù kẹfà bá rí bákan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ti ọjọ́ kìíní, tàbí bí a bá rí àwòrán ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn tí iṣan náà ti rí bó ṣe rí lónìí, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Àṣìṣe ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ní ewu tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé iṣan rẹ̀ ya, tí kò ya, yóò máa gbé oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì mì fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Bó bá jẹ́ wọfaríìnì, wọn á máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò látìgbàdégbà. Oògùn náà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà níbi tí kò yẹ. Nínú ìwádìí CADISS, ẹnì kan lára àwọn tó ń lo irú oògùn yìí ní ẹ̀jẹ̀ tó dà yí ọpọlọ ká. Wọ́n lè ti rọ́bà bọ inú iṣan rẹ̀ láti wádìí, tàbí kí wọ́n fi irin sí ibi tí kò ṣàìsàn. Ìbẹ̀rù náà sì ń jẹ ẹni: kò ní lè gbé ọmọ rẹ̀ sókè, kò ní lè sùn.

Ṣùgbọ́n ti ẹ̀gbẹ́ kejì burú jù ú lọ. Bí dókítà bá fi ẹnu lásán sọ pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, tí iṣan sì ya ní tòótọ́, rọpárọsẹ̀ lè dé láàárín ọjọ́ díẹ̀, nítorí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Àwọn méjèèjì tilẹ̀ lè wà lára ẹnì kan náà. Iṣan tó kéré láti inú oyún kò jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé òun kò ní ya. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ kò bá tíì dájú tí àmì àìsàn sì wà, ó tọ́ kí dókítà bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, kó sì máa wádìí lọ. Ohun tí kò tọ́ ni kí ìfura ọjọ́ kìíní di ìdájọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í padà yẹ̀ wò mọ́.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ wá kan àwa tí a ń gbé ilẹ̀ Yorùbá. Lọ́dọ̀ wa, ibi tí wọ́n ti ń ya àwòrán sábà máa ń yàtọ̀ sí ilé ìwòsàn tí dókítà wa wà. Ẹni tó ń ka fíìmù kì í rí aláìsàn. Ìwé pélébé tí dókítà kọ ránṣẹ́ ló ń tẹ̀ lé, bí ìwé náà bá sì kọ orí fífọ́ nìkan, òye tó lè ní kò ju ìyẹn lọ. Ẹ̀yin dókítà wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tí ó ń dùn, àti bóyá ìjàm̀bá kan ti ṣẹlẹ̀. Ìlà méjì yẹn lè gba aláìsàn lọ́wọ́ oògùn tí kò nílò, ó sì lè gba ẹlòmíràn lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀.

Aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ náà ní iṣẹ́ tiwọn. Ní Nàìjíríà, àwa fúnra wa la sábà ń gbé fíìmù tàbí CD wa lọ sílé, ọ̀pọ̀ wa sì ń jù ú sí ibi tí òjò àti eku ti ń bà á jẹ́. Fíìmù àtijọ́ yẹn ni ẹlẹ́rìí karùn-ún. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ pẹ̀lú ìwé àbájáde rẹ̀, kí ẹ sì gbé e dání bí ẹ bá tún ń lọ ya òmíràn. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé iṣan ya, ẹ má ṣe dá oògùn dúró fúnra yín, ẹ má sì ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbi tí wọ́n ti ń yí ọrùn. Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín: ṣé ẹ ti wo ihò eegun ibẹ̀? Ṣé ó lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí mi? Ìgbà wo ni a ó tún àwòrán yà? Dókítà tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè mẹ́ta yìí. Bí orí tàbí ọrùn bá sì dédé ń dun èèyàn gan-an lọ́nà tí kò ṣe é rí, tí ẹnu wọ́, tí apá kan kò gbé, tàbí tí ìpẹ́npéjú kan wálẹ̀, ẹ má dúró ro ohunkóhun. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.